Lórí Ọbẹ̀ Oníyọ̀ Tí A Fẹ́ Gbé fún Bàbá Àgbà

Bẹ́yẹrunkà,
Ìbàdàn.

Àjàní, ọkọ mi,

Mo ti kí ọ tán lọ́kàn mi, mo sì ti ṣe àdúrà fún iṣẹ́ tuntun tí o lọ bẹ̀rẹ̀ ní Ìlọrin. Gba méjèèjì bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó gbé bírò sí mi lọ́wọ́ kò jẹ́ kí n lè kí ènìyàn pẹ́. Láti àná ni ẹnu ti ń yà mí. Mo wẹ̀, ẹnu ń yà mí. Mo jẹ ẹ̀kọ, ẹnu ń yà mí. Ìyá Ramọ́tà tí a jọ jẹ́ ìyàwó ilé bi mí pé ṣé ara mi ò yá ni, mo ní rárá, ọmọ mi ni.

Ó ṣeé ṣe kí o má tilẹ̀ mọ ohun tí mo ń sọ. Èyí gan-an ló ń dẹ́rù bà mí jù.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Sùbúì, mo pè ọ́ láti béèrè bí ẹ ṣe dé ilé tuntun. Nínú ọ̀rọ̀ ni mo ti sọ pé ọ̀ràn ọbẹ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè ṣì ń rú mi lójú. Mo ní ọmọ tó gbọ́n bíi Títí ìyàwó rẹ, kí ló dé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa pé ṣe ni òun mọ̀ọ́mọ̀ fi ọbẹ̀ sílẹ̀ láìníyọ̀? O sì rẹ́rìn-ín. O ní, "Ha, Mọ́mì, ó sọ kẹ̀. Ó ní kí n wá sọ fún yín. Èmi ni mo gbàgbé, bọ́ọ̀lù ló gbà mí lọ́kàn." Kí n tó mí, o tún fi kún un pé kí n má da ara mi láàmú, o ti kìlọ̀ fún un nínú mọ́tò pé kò gbọdọ̀ dáná ní Ìbàdàn mọ́, pé bí ẹ bá tún ń bọ̀, oúnjẹ rírà ni ẹ ó máa gbé wá.

Mo ní, "Kí lo wí?" O ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, o pa á. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún mi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìwé ò dáa.

Pálọ̀ ni o jókòó sí lọ́jọ́ náà, ojú rẹ wà lára tẹlifíṣọ̀n, nítorí náà o ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Màá sọ ọ́ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o lè rí ohun tí iṣẹ́ kékeré kan tí o kò jẹ́ dá sílẹ̀.

O mọ àṣà ilé wa. Bí ìyàwó tuntun bá kọ́kọ́ fẹ́ se oúnjẹ fún ẹbí, gbogbo ilé ló ń jẹ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu ìkòkò rẹ̀ kí wọ́n tó jẹun tán. Bí ẹnìkan bá la ẹnu pé ọbẹ̀ yìí kò rí bó ṣe yẹ kó rí, orúkọ ló sọ ìyàwó yẹn. Ṣé o mọ Ìyàwó Olómi ní ojúlé kejì? Àbí o rò pé omi ló ń tà? Ọbẹ̀ tó kọ́kọ́ sè nínú agboolé yìí ló ṣàn jù. Ó ti ní ọmọ-ọmọ báyìí, Olómi náà ni. Nítorí ìyẹn ni àwa obìnrin ilé ṣe máa ń ṣọ́ ìkòkò ìyàwó tuntun. Bí a bá rí àṣìṣe, a kì í sọ̀rọ̀, a ó kàn bá a tún un ṣe ní jẹ́jẹ́ kí àwọn tó wà ní pálọ̀ má bàa gbọ́. Àánú ni. Ẹ̀yin ọkùnrin kì í mọ̀ pé irú rẹ̀ wà.

Ní ọjọ́ Sátidé, Títí wá bá mi níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màámi, ṣé lóòótọ́ ni pé dókítà ní kí Bàbá Àgbà yé jẹ iyọ̀?" Mo ní lóòótọ́ ni, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti le, ṣùgbọ́n wọn kì í gbọ́, ohun tí gbogbo ilé bá ń jẹ ni wọ́n ń jẹ. Ó mi orí, ó dìde. Mi ò ronú sí i. O kò nílò kí n sọ ẹni tí Bàbá Àgbà jẹ́ fún ọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ni wọ́n, àwọn ló rán ọ lọ sí ilé-ìwé lẹ́yìn tí bàbá rẹ kú, àwọn náà ló sì ní kí a jẹun pọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè kí wọ́n lè ṣe àdúrà fún ẹ̀yin méjèèjì kí ẹ tó kó lọ.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Títí ti dé Ọjà'ba kí oòrùn tó mú. Òun fúnra rẹ̀ ló yan ẹran, ṣàkì, ẹja gbígbẹ àti ẹ̀gúsí. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun fọ ẹ̀fọ́. Nígbà tí ọbẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta sánsán, àwọn ará ojúlé ń béèrè pé inú ilé ta nìyẹn. Bí ó ṣe kù díẹ̀ kó jinná, ó dín iná kù, ó lọ wẹ̀ kó lè kírun Alásárì.

Ó ní láti jẹ́ pé ìgbà yẹn ló rán ọ. Ó sì yé mi ìdí tó fi jẹ́ ìwọ ló rán. Ìyàwó tuntun wo ni yóò dúró lórí àwọn ìyáálé rẹ̀ kó sọ fún wọn pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ìkòkò òun? Wọn ó ní ó ti gbọ́n jù. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o jẹ́ ọmọ ilé, bí o bá yọrí sí ẹ̀yìnkùlé pé, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ fi ìkòkò yẹn sílẹ̀ o, Títí fẹ́ kọ́kọ́ bu ti Bàbá Àgbà kó tó fi iyọ̀ sí i," kò ní sí ẹni tí yóò bínú. Ó ronú jinlẹ̀ jù mí lọ, Àjàní. Ó ro ti ara Bàbá, ó ro ti ọ̀wọ̀ wa, ó wá gbé gbogbo rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́. O sọ pé, "Ó dáa." Mo mọ bí o ṣe máa ń sọ ọ́, láìwo ojú ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Títí padà dé pẹ̀lú ìborùn lọ́rùn. Ó bu ti Bàbá Àgbà sínú abọ́ olómorí, ó bò ó, ẹnìkan gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo iyán lórí tábìlì ìdáná. Ó wá fi iyọ̀ sí èyí tó kù nínú ìkòkò, ó rò ó pọ̀, ó ní kó tún hó díẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo dé ibẹ̀. Mo ta díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo tọ́ ọ wò.

Yéè! Mi ò mọ ìgbà tí mo tutọ́. Iyọ̀ náà gbá mi lẹ́nu, ojú mi ṣomi. Mo rò pé bóyá ahọ́n mi ló ń ṣe mí, mo tún tọ́ ọ wò, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Inú pálọ̀ ti kún. Mò ń gbọ́ ohùn Ìyá Àrẹ̀mọ tó ń kí àwọn ènìyàn. Ìyẹn àbúrò bàbá rẹ obìnrin, tí a ń pè bẹ́ẹ̀ nítorí pé Àrẹ̀mọ ni ilé ọkọ rẹ̀ wà. Òun ló ń sọ àwọn ìyàwó ilé yìí lórúkọ, òun ló sọ Ìyàwó Olómi.

Mo kọjú sí Títí. Mo ní, "Kí lo ṣe báyìí? Ṣé gbogbo iyọ̀ Ọjà'ba lo dà síbí ni?" Mo pariwo mọ́ ọn, mi ò ní purọ́. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ má bínú. Ìwọ̀nba ni mo fi sí i. Ti Bàbá Àgbà kò tilẹ̀ ní iyọ̀ rárá, mo ti bù ú kí n tó fi sí i."

Ìyá Ramọ́tà tó gbé ọmọ odó dání dúró gbagidi. Ó ní, "Kí lo wí? Kò ní iyọ̀ bí? Yéè, mo gbé! Èmi ti fi sí i o! Nígbà tó lọ wẹ̀ ni mo tọ́ ọ wò, mo rí i pé ó tẹ́, mo ní kí n bá a bo àṣírí."

Mo wo orí tábìlì ìdáná. Abọ́ olómorí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Àjàní, ọjọ́ orí mi kò gba eré, ṣùgbọ́n mo sá eré lọ́jọ́ náà. Ìwọ alára rí mi nígbà tí mo já wọ pálọ̀. Bàbá Àgbà ti fọ ọwọ́, wọ́n ti bu òkèlè, wọ́n ti rì í sínú ọbẹ̀, ọwọ́ wọn ń lọ sí ẹnu. Mo di ọwọ́ wọn mú. Èmi, ìyàwó ilé, mo di ọwọ́ ọkọ mi àgbà mú lójú gbogbo ẹbí, mo gba òkèlè, mo gbé abọ́ níwájú wọn! Bàbá wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, abọ́ yín kọ́ nìyí," mo sì gbé e jáde. Tí mo bá pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn, kí ni à bá máa sọ lónìí?

Nígbà tí mo padà sí ẹ̀yìnkùlé, Ìyá Kámọ́rù, ìyàwó ilé wa tó máa ń ránṣọ lójúde, ti di orí mú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi náà fi sí i. Mi ò mọ̀ pé Ìyá Ramọ́tà ti fi sí i, iyọ̀ rẹ̀ kò tíì yọ́ nígbà tí mo tọ́ ọ wò." Ìgbà náà ni a gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Àrẹ̀mọ ló dúró síbẹ̀, ó ti wá wo ohun tó lé mi jáde ní pálọ̀. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ẹ̀yin náà ti fi sí i ni?"

Ìyá Àrẹ̀mọ! Ẹni tí a ń tìtorí ẹnu rẹ̀ sáré! Òun náà ti yọ́ wọ ẹ̀yìnkùlé, ó ti tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ti bu iyọ̀ sí i, ó ti padà lọ jókòó. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ọmọ náà wù mí. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi ni orúkọ burúkú yóò ti kàn án." Mo jókòó sórí àpótí. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún.

Ta ló wá gbà wá? Ìyàwó rẹ ni. Ó nu ojú, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní, "Ẹ bá mi gbé ìkòkò sọ̀kalẹ̀, ẹ má bu omi sí i o." Ó ṣa gbogbo ẹran àti ẹja kúrò nínú ọbẹ̀, ó fi omi gbígbóná ṣan wọ́n. Ó da ohun tó ju ìdajì ọbẹ̀ náà lọ sínú abọ́, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó rán Ìyá Kámọ́rù lórí ọ̀kadà sí Ọjà'ba lọ ra ṣọkọ àti ẹ̀gúsí sí i. Iná ò sí, ẹ̀rọ kò lè lọ ẹ̀gúsí, Ìyá Àrẹ̀mọ bá tú ìborùn rẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti ọlọ, ó ń lọ̀ ọ́ pẹ̀lú wúrà lọ́wọ́. Títí dín ata tuntun láìfi iyọ̀ sí i rárá, ó ro ẹ̀gúsí sí i, ó wá ń bu èyí tó níyọ̀ sínú rẹ̀ ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, ó ń tọ́ ọ wò, títí iyọ̀ rẹ̀ fi rí bó ṣe yẹ. Ẹ̀fọ́ ló kó sí i kẹ́yìn. Fún Bàbá Àgbà, ó gbé ìkòkò kékeré ka iná mìíràn. Irú, àlùbọ́sà, ẹja gbígbẹ tó ti rẹ sómi, ata tó pọ̀ díẹ̀. Nígbà yìí, ó dúró ti ìkòkò náà, kò tún kúrò níbẹ̀ mọ́.

A ti ń rẹ́rìn-ín ara wa nígbà tí mo gbé àwo tẹ̀lé Títí wọ pálọ̀. Àwa méjèèjì ló jọ rí ohun tó wà nílẹ̀. Ìwọ ló dúró láàárín ilé pẹ̀lú àpò ọ̀rá méjì láti ilé oúnjẹ kan ní Bẹẹrẹ, o ń pín ìrẹsì, o ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká jẹ èyí jàre, ti ilé ti bàjẹ́."

O rò pé oore lo ṣe. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ojú ọmọ náà. Gbogbo ohun tí àwa obìnrin mẹ́rin fi òógùn bò mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ìwọ ọkọ rẹ̀ gbé e síta fún gbogbo ayé. Ọpẹ́lọpẹ́ Bàbá Àgbà tí wọ́n ní, "Gbé e kúrò níwájú mi. Ọbẹ̀ ìyàwó mi ni mò ń dúró dè." Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n pọ́nwọ́ lá. Ìwọ náà jẹ ẹ́, o tún bu sí i, mo ń wò ọ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni wọ́n béèrè ohun tó fa ìdádúró. Ìyá Ramọ́tà jẹ́wọ́ pé àwọn ló da iyọ̀ lé iyọ̀. Bàbá yí sí Títí, wọ́n ní, "Ìyàwó, o ṣe dáadáa tí o rò tèmi. Ṣùgbọ́n ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn lo wọ̀. Ẹni tó bá ń ṣe nǹkan tó yàtọ̀ gbọ́dọ̀ la ẹnu rẹ̀ sọ. Ìdákẹ́ rẹ ló fẹ́ pa mí." Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Títí wò ọ́. Mo rí i nígbà tó wò ọ́, mo rò pé ó kàn ń wá ojú ọkọ rẹ̀ ni. Ojú rẹ wà lórí fóònù. Ó bá dojú délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀bi mi ni, Bàbá. Ẹ foríjì mí." Ìyá Àrẹ̀mọ pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó Adákẹ́sebẹ̀!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Orúkọ náà ti mọ́ ọn lórí. Lánàá, ọmọ kan tó ń pọnmi lójúde bi mí pé, "Ìyá, ṣé Adákẹ́sebẹ̀ ti lọ Ìlọrin ni?" Adákẹ́sebẹ̀, ẹni tó sọ̀rọ̀, tó rán ọkọ rẹ̀ níṣẹ́! Mo pe Títí lẹ́yìn tí o pa fóònù mọ́ mi létí. Mo bi í pé, "Títí, ṣé o rán Àjàní sí wa lọ́jọ́ yẹn?" Ó ní, "Màámi, ó ti kọjá." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú pé mo pariwo mọ́ ọn. Òun ló tún ń bẹ̀ mí.

Nísinsìnyí, gbọ́ mi. Iṣẹ́ tuntun, ilé tuntun, ìyàwó tuntun, gbogbo rẹ̀ ló wọlé lẹ́ẹ̀kan náà fún ọ, ó sì yẹ kí n bá ọ sọ̀rọ̀ kí ó tó di bárakú.

Èkíní, kọ́ bí a ṣe ń tún ọbẹ̀ ṣe. Má rẹ́rìn-ín. Ní Ìlọrin, ẹ̀yin méjì péré ni, ọjọ́ ń bọ̀ tí ara rẹ̀ kò ní yá, ìwọ ni yóò sì dúró nídìí ààrò. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, má ṣe da omi sí i, ọbẹ̀ náà yóò ṣàn, yóò tún níyọ̀. Yọ ẹran rẹ̀, bu ọbẹ̀ náà kù, se òmíràn tí kò níyọ̀, kí o wá bu èyí tó níyọ̀ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá jóná nísàlẹ̀, má fi ṣíbí kan ìsàlẹ̀ ìkòkò, yí i dà sínú ìkòkò mìíràn kí òórùn èéfín má bàa ká gbogbo rẹ̀. Ohun tó sì ṣe pàtàkì jù ni pé kí o tètè pariwo. Tí a bá ti pariwo nígbà tí ẹnìkan kọ́kọ́ rí i pé kò níyọ̀, Títí ìbá ti gbọ́.

Èkejì, má ran ènìyàn lọ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni mẹ́ta ló fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ yẹn, ìfẹ́ ló mú gbogbo wọn ṣe é, kò sì sí èyí tó bi í léèrè. Ìwọ lo ṣe ẹ̀kẹrin pẹ̀lú ìrẹsì rẹ. Ó gba kí o rìn láti pálọ̀ dé ẹ̀yìnkùlé, kí o ní, "Títí, kí ni kí n ṣe?" Ó lè ní kí o bá òun fẹ́ iná. Ó lè ní kí o lọ bá Bàbá tàkúrọ̀sọ kí ebi má bàa pa wọ́n. Ohun tó bá ní kí o ṣe, òun ni ìrànlọ́wọ́.

Bí ìyàwó rẹ bá rán ọ níṣẹ́, dìde. Mi ò sọ pé kí o dìde tí bọ́ọ̀lù bá parí. Mo mọ̀ pé o lè gbàgbé, gbogbo wa là ń gbàgbé. Ìgbàgbé kọ́ ló yà mí lẹ́nu. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé o rántí. O rántí nígbà tí mo gbá ọwọ́ Bàbá mú, àbí o ò rántí? O rántí nígbà tí wọ́n ní ìdákẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ pa àwọn. O wà níbẹ̀, etí rẹ ò di. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ ìbá ti gbé e dìde lórí ìkúnlẹ̀, o sì gbé e mì. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, o tún jókòó sínú mọ́tò, o ń kìlọ̀ fún un! Àjàní, ta ló kọ́ ọ ní èyí? Mo ti wá a nínú bàbá rẹ, mi ò rí i. Mo ti wá a nínú ara mi, èmi tí mo bá wọn rẹ́rìn-ín ọmọ náà.

Mi ò mọ èyí tí mo kà dé mọ́, ẹ̀kẹta ni tàbí ẹ̀kẹrin. Fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ rírà sílẹ̀. Ilé yìí kì í ṣe ilé tí ìyàwó rẹ yóò máa wá bí àlejò. Tí kò bá dáná níbí mọ́, Adákẹ́sebẹ̀ ni yóò jẹ́ títí tí ọmọ rẹ yóò fi bímọ, ọmọ rẹ yóò sì máa béèrè ìdí rẹ̀. Kí ni wàá sọ fún un?

Ọmọ náà mọ òtítọ́, ó sì gbé e pamọ́ nítorí rẹ. Mi ò yìn ín fún ìyẹn pátápátá, mo sì ti sọ fún un. Bí ó bá ń bo irú èyí fún ọ lọ́dọọdún, inú rẹ̀ ni yóò máa kó o sí, lọ́jọ́ kan ẹ ó jí, kò ní rí ọ̀rọ̀ kankan bá ọ sọ mọ́. Ìyẹn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, ó ju ti orúkọ lọ.

Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí. Má rò pé mò ń bò ọ́. Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ kí wọ́n ti gbọ́ ọ, nítorí bí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu mi, wọn ó ní ìyá ọkọ rere ni mí, ọ̀rọ̀ ó sì parí síbẹ̀. Èmi kọ́ ni ọkọ rẹ̀.

Bàbá Àgbà máa ń wà nílé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Ìyá Àrẹ̀mọ náà sì máa ń yà kí wọn nígbà yẹn. Pè wọ́n. Má ṣàlàyé bọ́ọ̀lù fún wọn. Sọ pé, "Títí rán mi sí àwọn ìyá mi kó tó lọ wẹ̀, èmi ni mi ò jíṣẹ́. Ìdákẹ́ mi ni, kì í ṣe tirẹ̀." Kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ó bínú sí ọ, wọn ó sọ ọ̀rọ̀ tí yóò dùn ọ́. Dúró gbà á. Tí wọ́n bá bá ọ wí tán, má pa fóònù náà. Gbé e fún ìyàwó rẹ, kí Bàbá lè gba ìbáwí tí wọ́n fún un padà, torí pé tìrẹ ni.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tí ẹnu ṣì ń yà.